Fídíò sáìtì ìlú wa ń jẹ dátà àwọn ará ilé

Ọmọ Ìgbòho:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ni mò ń tọ́jú sáìtì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Àwọn tó wà ní London àti Houston ní àwọn fẹ́ máa rí ojú ilé, la bá gbé fídíò ọdún ìlú sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Bí èèyàn bá ti ṣí i, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n nílé, tí H+ (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yá díẹ̀) bá ti di E (èyí tó ń fà) lórí fóònù, nǹkan róbótó yẹn á kàn máa yí, ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n ń wá ò ní jáde, dátà á sì ti lọ. Bàbá kan pè mí pé ṣé èmi ni mò ń jẹ dátà òun ni! Ṣé ká yọ fídíò kúrò, ká fi ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan sílẹ̀?

Wẹ́ẹ̀bù Òṣogbo:
Ẹ má yọ ọ́. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni wàhálà. Tí E yín bá ń gbé 100 kbps (kílóbíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), MB kan á gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 80. Fídíò MB 15? Ogún ìṣẹ́jú, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá já. Ìkéde ìpàdé ọlọ́rọ̀ 300, tòun ti gbogbo àmì ohùn, kò tó KB 5.

Nínú kóòdù fídíò náà, ẹ yọ autoplay tó ń mú un bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ fi preload="none" sí i kó má baà máa wọlé ṣáájú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gbangba: "Fídíò, MB 15". Ẹni tó bá lówó dátà á tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ ìpàdé ni kó wà lókè pátápátá. Ẹ sì dín fọ́tò kù kí ẹ tó gbé e sókè. Fọ́tò tó ti inú fóònù wá ní MB 4, ta ló fẹ́ fi lẹ ògiri?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tí kò mọ̀wé ńkọ́? Ìyá ọkọ mi ò lè ka ìkéde kankan, àmọ́ kò sí ohùn WhatsApp tí wọn kì í gbọ́ tán.

Wẹ́ẹ̀bù Òṣogbo:
Òótọ́ lẹ sọ, mà. Kí ẹnì kan ka ìkéde náà, kí wọ́n fi í pamọ́ sí MP3 32 kbps, mono (ohùn ọ̀nà kan). KB 240 ni ìṣẹ́jú kan. Kò ní máa dúró lójú ọ̀nà, torí 32 ló ń béèrè, 100 sì ń wọlé.

Ọmọ Ìgbòho:
Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn ti London á ní mo ti ba sáìtì jẹ́ o.

Wẹ́ẹ̀bù Òṣogbo:
Ẹ ní kí wọ́n ṣí sáìtì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tẹ F12, kí wọ́n lọ síbi Network, kí wọ́n yan 3G, kí Chrome lè máa fà bíi nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Ìyẹn gan-an ṣì yá ju E ilé lọ. Kí wọ́n jókòó tì í títí fídíò á fi ṣeré, ká tó jọ sọ̀rọ̀.