Àpọ̀jù kọ́, ènì ni

Mo kí gbogbo ilé o. Ẹni tó kọ̀wé lánàá pé hydrochloric acid tó bá lé lórí èyí tí èèpo ẹyin lò (“excess” lédè Gẹ̀ẹ́sì), “àpọ̀jù” ni ká máa pè é, ẹ forí jì mí, n ò gbà.

“Jù” yẹn ló ń bí mi nínú. Àjẹjù, àmujù, àsọjù, àṣejù tí í ṣe baba àṣetẹ́: èwo la fi ń yin èèyàn nínú wọn? Ẹni tí iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ti ṣe àṣìṣe. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi wọn ásíìdì, tí mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó lé, àṣìṣe wo ni mo ṣe?

Gààrí ni ìyá ìyá mi ń tà ní Ọjà Ọba, Òṣogbo níbí. Bó bá wọn kóńgò tán, tó kún bámúbámú, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Bó bá gbàgbé, oníbàárà á ní, “Ìyá, ènì mi dà?” Òun náà lorúkọ tó yẹ ásíìdì tó lé yẹn! (Ènì o, kì í ṣe ení tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ońkà, kì í sì í ṣe èní tó jẹ́ òní.)

Ẹ wò ó bí mo ṣe ń wá iye calcium carbonate, èròjà tó pọ̀ jù nínú èèpo ẹyin. Ásíìdì 50 cm³ tó jẹ́ 1.0 mol/dm³, 0.050 móòlù (òṣùwọ̀n iye èròjà) ni. Èèpo ẹyin jẹ tirẹ̀ tán. Mo wá ń kán sodium hydroxide 0.50 mol/dm³, tó ń pa agbára ásíìdì, sí ìyókù látinú búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn omi. Ìgbà tí phenolphthalein, aró tó ń fi hàn pé ásíìdì ti tán, máa fi di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, 20 cm³ ti wọlé: 0.010 móòlù. Ọ̀kan sí ọ̀kan ni wọ́n ń pàdé, nítorí náà ènì jẹ́ 0.010. Èèpo jẹ 0.040, calcium carbonate jẹ́ ìdajì rẹ̀, 0.020, torí ásíìdì méjì ló ń kojú ẹyọ kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bu èèpo kún un nígbà kan. Ásíìdì tán, èèpo ṣì wà nísàlẹ̀ ife, ẹ̀kán sodium hydroxide kan péré ló ti pọ́n. Mo ní, “Ìwọ, o ò fi ènì sí i.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní ìtumọ̀.

Ọ̀gá tó fara mọ́ “àṣẹ́kù” fún ásíìdì tó lé yìí, tiyín sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n “àṣekú” lẹ kọ sílẹ̀, iṣẹ́ àṣekú sì nìyẹn. Ẹ̀yin náà lẹ ní àwa ará Òṣogbo ò mọ àmì ohùn.