Ewé inú gíláàsì ẹja mi ń hu irun, ẹ gbà mí o

Ìyá Guppy (Under G, Ògbómọ̀ṣọ́): Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Gíláàsì ẹja mi gba omi lítà 60. Guppy 9 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ewé inú omi mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní anubias, tí mo fi okùn so mọ́ igi. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ewé ń dán gbinrin. Ní báyìí, algae, ìyẹn nǹkan bí ewédò tó máa ń hù nínú omi, ti bò ó. Àmì aláwọ̀ ewé wà lójú rẹ̀ tí èékánná kò lè ha kúrò, etí rẹ̀ sì hu irun bí àgbọ̀n ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Mo nù ún ní Sátidé, nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ó ti padà. Ẹni tó ta ewé fún mi ní kí n máa da ajílẹ̀ olómi sí i. Ṣe ló tún gbilẹ̀.

Bọ̀dá Sábó: Ẹ ǹlẹ́ mà. Ká tó sọ ti oògùn, ibo lẹ gbé gíláàsì sí? Báwo lẹ ṣe ń tan iná rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń jẹun?

Ìyá Guppy: Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ ni, oòrùn àárọ̀ máa ń bọ́ sí i. Ìgbà tí NEPA bá mú iná wá ni mo ń tàn án, ó lè tàn mọ́jú. Oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ojú àánú ni wọ́n fi ń wò mí.

Bọ̀dá Sábó: Ẹ ti dá ara yín lóhùn. Anubias kì í yára dàgbà, kò lè lo gbogbo iná yẹn, kò sì lè jẹ ajílẹ̀ yẹn tán. Algae ló ń gbádùn ẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lójú oòrùn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fa omi rẹ̀ kù kó má baà sán. Kí iná má ju wákàtí 6 sí 7 lọ lójúmọ́. Tí NEPA bá dé lóru, ẹ jẹ́ kí ẹja sùn. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, ìwọ̀n tí wọ́n máa jẹ tán ní ìṣẹ́jú 2. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bàbá Àrọ̀: Ní pọ́ǹdù tèmi, bí omi bá di aláwọ̀ ewé, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ da iyọ̀ sí i.

Àǹtí Ọ̀yọ́: Bàbá, pọ́ǹdù àrọ̀ kọ́ ni gíláàsì pálọ̀ o! Iyọ̀ tó máa pa algae á ti kọ́kọ́ pa ewé. Ìyá Guppy, ẹ wá ojú oró. Ṣebí òun ló ń lékè omi? Ibi tó lékè sí yẹn ló ti ń ṣíji bo anubias, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fa ohun tí algae ìbá jẹ. Odò ni mo ti bu tèmi. Mo kó o sínú báàfù fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ká eṣúṣú méjì mọ́ ìdí rẹ̀! Bó bá ti bo ìdajì ojú omi, ẹ yọ díẹ̀ dà sí ààtàn, ẹ má dà á padà sódò.

Ìyá Guppy: Àwọn àmì tó ti le ńkọ́?

Bọ̀dá Sábó: Ewé tó ti bò tán, ẹ gé e dànù. Èyí tó hu irun, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ká a bí ẹni ń fi fọ́ọ̀kì ká sìpàgẹ́tì, kẹ́ ẹ fà á. Bí kò bá gbọ́, ẹ yọ anubias síta, ẹ rì í sínú jíìkì ìwọ̀n 1 sí omi ìwọ̀n 19 fún ìṣẹ́jú 2, kẹ́ ẹ ṣàn án títí òórùn rẹ̀ á fi lọ pátá. Ẹja kò gbọdọ̀ sí nítòsí.

Ìyá Guppy: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá àwọn ọmọ, ó ń kùn. Irun ti lọ. Àmì ṣì wà lára ewé àtijọ́, ṣùgbọ́n tuntun méjì ti yọ, wọ́n mọ́ tónítóní. Àǹtí Ọ̀yọ́, ta ló máa bá mi bu ojú oró wá? Ẹ̀rù eṣúṣú ń bà mí.