Yàrà sójà nínú fọ́tò òkè: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yàrà tí àwọn sójà gbẹ́ láti fi kọ́ṣẹ́ ogun, tí à ń wá nínú fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè o. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe ní Kubwa, l'Ábújá níbí. Bó bá di alẹ́ tí iná wà, mo máa ń ṣí Google Earth, áàpù tó ń fi fọ́tò ilẹ̀ láti òkè hàn, mo á lọ sí Salisbury Plain, pápá gbalasa kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn sójà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ yàrà kí wọ́n tó kọjá sí Faransé nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́.

Ìlà yàrà wọn kì í lọ tààrà. Á lọ díẹ̀, á yà, á tún lọ, á tún yà, bí eyín kọ́kọ́rọ́. Mo fi han bàbá kan ládùúgbò wa, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ sójà ní Zaria nígbà ogun abẹ́lé. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí." Wọ́n gba fóònù, wọ́n sún un mọ́jú.

"Yàrà sójà nìyí. Àwa náà gbẹ́ ẹ."

Wọ́n mú igi, wọ́n fa ìlà sínú yanrìn. "Tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ lọ gbọnrangandan, tí ọ̀tá kan ṣoṣo bá bọ́ sí ìkangun rẹ̀ tó yìnbọn, gbogbo yín ló máa kó. Bí bọ́ǹbù bá sì já sínú ẹ̀, ibi tó ti yà yẹn ló máa gba iná ẹ̀ dúró."

Àtìgbà náà ni mo ti ń wo àwọn fọ́tò yìí bí ibi téèyàn ti làágùn. Bẹ́ ẹ bá rí yàrà méjì tó kọjú síra wọn nílẹ̀ tí ọ̀tá ò tẹ̀ rí, ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni: apá kan ló ń ṣe ọ̀tá.

Àsìkò tí wọ́n ya fọ́tò ṣe pàtàkì gan-an. Oòrùn ọ̀sán gangan kì í fi nǹkan hàn. Bí oòrùn bá rẹlẹ̀, láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, òkìtì tí ò tó orúnkún pàápàá á ju òjìji sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ti dí pátá, ọ̀dá ló ń tú u fó, torí erùpẹ̀ inú rẹ̀ jìn, ó ń di omi mú, koríko orí rẹ̀ á ṣì tutù nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ. Ọ̀dá ọdún 2018 fi ọ̀pọ̀ ohun àtijọ́ bẹ́ẹ̀ hàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹfun ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ Salisbury Plain. Ní Larkhill, lórí pápá yẹn kan náà, àwọn awalẹ̀pìtàn bá orúkọ tí àwọn sójà họ sára ẹfun ọ̀hún, títí kan ti àwọn ará Australia. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára gan-an.

Ní Òkè Ọya tiwa, mo ń wá ti àwọn baba wa tó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì. Ọdún 1943 ni wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó lọ síbẹ̀, jọ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n òjò àti ọkọ́ ti ba ojú ilẹ̀ jẹ́. Poro oko máa ń tanni, àmọ́ ó máa ń lọ tààrà, ó sì máa ń tò lé ara wọn. Odi Zaria náà lágbára nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ìlú ló yí ká. Bárékè tí sójà ṣì ń gbé, èmi ò kì í wò ó rárá. Ẹni tí bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀ bá sọ ibi tí wọ́n ti gbẹ́ yàrà fún un, kó dárúkọ ibẹ̀ fún wa, kí á lè mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò.