Ìyá àgbà kan ní Kobe ló kọ́ mi láti pe orúkọ òkú wa

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni mo dé ìlú Kobe ní orílẹ̀-èdè Japan láti kàwé gboyè kejì nípa bí àgbàrá òjò ṣe ń fọ ilẹ̀ orí òkè. Tí ènìyàn bá bi mí pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré àsápajúdé ni wọ́n máa ń retí. Mo rí i, mo sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yí mi padà, ohun tó yí mi padà ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí ó pẹ́ kí ẹnu mi tó lè gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí Kobe ṣe rí. Òkè Rokko wà lẹ́yìn ìlú, òkun wà níwájú, ìlú wá há sáàárín méjèèjì bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Tí o bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ará ibẹ̀, ìhà òkè tàbí ìhà òkun ni yóò fi júwe fún ọ ju ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì lọ. Ní oṣù Keje 1938, òjò ńlá rọ̀ lórí Rokko, omi gbé òkúta àti igi wálẹ̀, ó fi bo ìlú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti túbọ̀ tẹra mọ́ kíkọ́ ògiri ìdènà sójú àgbàrá lórí òkè náà. Torí rẹ̀ ni mo ṣe yan ibẹ̀. Èmi náà mọ ohun tí omi lè ṣe.

Ọjọ́ kìíní tí mo wọ yàrá ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa bójú tó iṣẹ́ mi, mo kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Bàbá náà fò dìde lórí àga, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi ló wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyẹn níwájú ọ̀gá, ẹni tó ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Òòró ni wọ́n ti ń kíni, a ó dúró, a ó tẹ̀ láti ìbàdí, bí ipò ẹni tí à ń kí bá sì ṣe ga tó ni a ó ṣe tẹ̀ tó. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo kà sí ọ̀wọ̀ jù lọ láyé mi ti dẹ́rù ba ẹni tí mo fi bọ̀wọ̀ fún, mi ò sì ní èdè tí mo lè fi tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ èdè yẹn tó ọ̀rọ̀ í sọ. Oríṣi ìkọ̀wé mẹ́ta ni wọ́n máa ń pò mọ́ra: hiragana, katakana àti kanji. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ ní àmì ìpìlẹ̀ 46. Kanji ni ẹrù tó wúwo, nítorí èyí tí ìjọba tò sílẹ̀ fún ìlò ojoojúmọ́ nìkan jẹ́ 2,136. Mo ti gboyè nílé, mo ti dúró níwájú kíláàsì rí, síbẹ̀ mi ò lè ka ìwé owó iná tí wọ́n jù sínú àpótí ẹnu ọ̀nà mi. Kanji àkọ́kọ́ tí mo dá mọ̀ fúnra mi ni èyí tó ń jẹ́ "buta", ìyẹn ẹlẹ́dẹ̀, nítorí mùsùlùmí ni mí, mo sì gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀yìn ọ̀rá wò kí n tó ra oúnjẹ.

Ibì kan wà tí èdè Yorùbá ti gbà mí. Nínú kíláàsì, tí olùkọ́ bá pe "háshì", igi tí wọ́n fi ń jẹun ni; tó bá pe "hàshí", afárá ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti ilẹ̀ mìíràn ń sọ pé àwọn ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Èmi gbọ́ ọ kedere. Ẹni tí wọ́n ti fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ tọ́ dàgbà, etí rẹ̀ ti là. Ìgbà tí mo wá dé ọjà, mo bá a pé ìdàkejì rẹ̀ gan-an làwọn ará Kobe ń pè, afárá ni háshì tiwọn, igi ìjẹun ni hàshí. Ohùn Tokyo ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní kíláàsì. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀, ó dà bí ìgbà tí ará Ọ̀yọ́ bá kọ́kọ́ dé Ìjẹ̀bú.

Ìkíni wọn náà fi mí lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n ní "otsukaresama", ẹ kú iṣẹ́ tiwa ni, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ara wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó bá wọlé á ní "tadaima", mo ti dé; àwọn ará ilé á ní "okaeri", káàbọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kàwé ò ní ohun tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ìwọ̀nyí. Ìṣòro mi ni pé èmi nìkan ló ń gbé, kò sí ẹni tó máa dá mi lóhùn "okaeri".

Ọdún àkọ́kọ́ le. Onílé kan ní òun ò gba àlejò láti òkè òkun. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ìgbà míì wà tí àga ẹ̀gbẹ́ mi máa ṣófo títí n óò fi sọ̀kalẹ̀, tí èrò sì wà ní ìdúró. Mo máa ń so ó mọ́ ìbòrí mi, mo máa ń so ó mọ́ àwọ̀ mi, inú mi á sì bàjẹ́ délé. Ìyẹn ṣẹlẹ̀, mi ò ní fi pamọ́.

Lọ́sẹ̀ kan ní ìgbà òtútù, mo gbé ọ̀rá pàǹtí mi síta, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo dé, mo bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára. Ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ló gbé e gòkè wá. Mo gbà á sí àbùkù. Mo jókòó tì í nínú òtútù, mo ń sọ gbogbo ohun tí mi ò lè fi èdè wọn sọ fún màmá náà. Ní ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn. Ó ti ya kàlẹ́ńdà sórí páálí. Ó ya egungun ẹja àti èèpo ọsàn sí ọjọ́ tí wọ́n ń kó èyí tí wọ́n máa sun, ó ya ike sí ọjọ́ tirẹ̀, ó ya agolo sí tirẹ̀, ó sì kọ 8 gàdàgbà sókè, pé kí gbogbo rẹ̀ ti wà níta kí aago mẹ́jọ tó lù. Ọjọ́ tí wọ́n tún kó pàǹtí, ó dúró dè mí lórí àtẹ̀gùn, a jọ gbé tiwa lọ, ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń fi àwọ̀n bò ó kí ẹyẹ kannakánná má baà tú u.

Àwọn kan máa ń sọ pé ará Japan kò ní ọ̀yàyà. Mi ò lè bá wọn sọ ọ́ mọ́. Màmá yìí kò dì mọ́ mi rí, kò sì bi mí ní ìbéèrè tó jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé mi ò lè jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi ò sì lè jẹ ohun tí wọ́n fi ọtí sè, ó lọ ń ka ẹ̀yìn ìgò gbogbo èròjà tó wà ní ilé ìdáná rẹ̀ kó tó pè mí wá jẹun. Obaachan ni mò ń pè é, bí ìgbà tí a bá ní Màmá àgbà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kígbe "tadaima" lórí àtẹ̀gùn, òun ló fèsì láti inú yàrá rẹ̀.

Òun náà ló kọ́kọ́ sọ ìtàn mọ́ṣáláṣí wa ní Kobe fún mi. Ọdún 1935 ni wọ́n kọ́ ọ, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Japan. Àdó olóró ba ìlú jẹ́ ní 1945, kò wó. Ilẹ̀ mì tìtì ní 1995, kò wó. Ó ní, "Ilé tiyín dúró." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ilé tèmi wó."

Báyẹn ni mo ṣe gbọ́. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní 1995, aago 5:46 ìdájí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà lórí ibùsùn. Àwọn ilé onígi tí wọ́n fi páànù alámọ̀ tó wúwo bò dà lulẹ̀, iná sì jó àdúgbò Nagata. Àwọn tó kú lé ní 6,400. Ọkọ Obaachan wà nínú wọn.

Ní oṣù Kìíní 2020, ó pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó ní kí n bá òun lọ. A gba ọgbà Higashi Yuenchi lọ nínú òkùnkùn. Wọ́n ti to igi ọparun gígé sílẹ̀, àbẹ́là ń jó nínú wọn, iná náà sì kọ 1.17 sílẹ̀, ìyẹn oṣù Kìíní, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Èrò pọ̀, àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn ò tíì bí nígbà náà wà níbẹ̀. Nígbà tó di 5:46, gbogbo ènìyàn tẹríba. Ìdákẹ́jẹ́ náà ní ìwúwo. Lẹ́yìn náà, a sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, orúkọ àwọn òkú ló wà lára ògiri yíká. Obaachan rí orúkọ ọkọ rẹ̀, ó fi ìka lé e, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń bá ènìyàn jẹun.

Kò yí ojú sí mi nígbà tó béèrè pé, "Ìwọ ńkọ́? Ta ni tìẹ?"

Mi ò sọ fún un rí. Ó kàn mọ̀ ni. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó bọ́ sí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ 2011, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, òjò bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sì dá títí di alẹ́. Omi gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ. Ó gbé àbúrò màmá mi, tó ń ta ẹ̀kọ, tó máa ń gbé mi pọ̀n nígbà tí mo wà ní kékeré. Lẹ́yìn tí a sin ín, a ò dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé wa. Tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ kàn án, màmá mi á dìde kúrò níbẹ̀. Èmi lọ kọ́ ìmọ̀ omi, mo kọ̀wé nípa àgbàrá, mo wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀, kò sí ojú ewé kan tí mo ti kọ ìdí tí mo fi ń ṣe é.

Mo pe orúkọ rẹ̀ nínú yàrá yẹn, orúkọ àti oríkì. Obaachan tún un pè tẹ̀lé mi, ó sì gbé ohùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, òkè fún òkè, ìsàlẹ̀ fún ìsàlẹ̀. Ó tẹríba fún un.

Nígbà tí a fi délé, ilẹ̀ ti mọ́ ní Kobe, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá ní Ìbàdàn. Mo pe màmá mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ àbúrò yín fún mi." Wọn ò fọhùn. Mo rò pé wọn máa pa fóònù. Wọ́n wá ní, "Ṣé o rántí bó ṣe máa ń kọrin tó bá ń pọ́n ẹ̀kọ?" Wọ́n kọ orin náà. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, wọ́n sọ ti ọjọ́ tí àwọn méjèèjì jà nítorí gèlè, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, a sì wà níbẹ̀ títí ìlà fi já.

Mo tún pè wọ́n padà.