Ṣé eérú ni ohun tí òkè ayọnáyèéfín ń tú jáde?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí yín láti Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí á máa pe ohun tí òkè ayọnáyèéfín ń tú sójú ọ̀run ní "eérú", kí á sì pe bí ó ṣe ń di àpáta lẹ́yìn náà ní "jíjópọ̀". Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì gbé iná tí ń jó nǹkan lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó jó níbẹ̀.

Ní ìlú aró yìí, a mọ eérú dáadáa. Àwọn aláró a kó eérú igi sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọn a da omi lé e lórí, omi eérú a sì máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ fún aró pípọn. Ẹ fi ìka ra eérú náà, ó kúnná bí ìyẹ̀fun. Ti òkè ayọnáyèéfín a máa ha ènìyàn lọ́wọ́, omi kì í sì í yọ́ ọ, nítorí pé àfọ́kù ni. Bí àpáta yíyọ́ bá ń gòkè láti inú ilẹ̀, gáàsì inú rẹ̀ a hó bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a mì kí á tó ṣí i, a sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ tí yóò dì bí ìgò. Wẹ́wẹ́ tí kò tó mìlímítà 2 nìkan ni àwọn onímọ̀ ń kà mọ́ ohun tí à ń wá orúkọ fún yìí. "Ẹ̀rún àpáta" ni mo fara mọ́. "Eruku" tí ẹlòmíràn mú wá fúyẹ́ jù: nígbà tí òkè ayọnáyèéfín Pinatubo bú gbàù ní Fílípì­ìnì ní oṣù kẹfà ọdún 1991, òjò ìjì rin ohun tí ó bọ́ sórí ilé, òrùlé sì wó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní ti "jíjópọ̀", ọ̀dọ̀ àwọn jórinjórin ni ẹ̀gbọ́n wa ti yá a. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tí ó rọ̀ láti ojú ọ̀run sábà máa ń tutù kí ó tó balẹ̀. Ìwúwo a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi a sì mú un le bí ọdún ti ń gorí ọdún. "Dídì" ti tó fún un. Èyí tí ó fi ìgbóná sáré lórí ilẹ̀ ni ìgò inú rẹ̀ ń rọ̀, tí ẹ̀rún a lẹ̀ mọ́ra, tí òkúta oníhò inú rẹ̀ a sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà tí ẹrù jókòó lé nínú àpò. "Lílẹ̀mọ́ra" ni kí á pe ìyẹn. Kí ni ẹ̀gbọ́n wa yóò wá pe òkúta pẹrẹsẹ náà fúnra rẹ̀?