Kí ni kí n ṣe nígbà tí ìpáyà òjijì bá ki àbúrò mi mọ́lẹ̀?

Bí ìpáyà òjijì bá ki àbúrò mi obìnrin mọ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì, ìka rẹ̀ á máa gbọ̀n, yóò sì ní òun ń kú lọ. Dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò, kò rí àrùn kankan. A jọ máa ń rọra mí sínú, mí síta, èyí tí ó máa ń ṣiṣẹ́ bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé góńgó, ńṣe ni ó máa ń gbá ọwọ́ mi dànù. (“Fara balẹ̀” kò wúlò rárá.) Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá, ní àkókò tí ó bá le jù yẹn, ṣé kí n máa bá a sọ̀rọ̀ ni, àbí kí n kàn jókòó tì í láìsọ nǹkan kan?