Ta ló ti lo ruthenium lára sẹ́ẹ̀lì tó ṣì wà láàyè? Ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Zaria ni mo wà, másítà ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ fi àmì sára purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì láì pa sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún. Ruthenium (mẹ́táàlì kan) tó so mọ́ bipyridine (kẹ́míkà kan) mẹ́ta ni mò ń lò. Iná búlúù, tí gígùn ìgbì rẹ̀ tó bíi 450 nm, ló ń jí i, kí àmì lè lẹ̀ mọ́ tyrosine, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì.

Wàhálà mi rè é: ike tí mi ò tan iná sí rárá náà ń gba àmì! Mo sì fi fóìlì wé e dáadáa, bí ẹni wé mọ́ínmọ́ín. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tábìlì mi wà, ẹ mọ oòrùn ilẹ̀ Hausa. Ṣé ìmọ́lẹ̀ tó kàn án nígbà tí mò ń dà á ni? Àbí persulfate, kẹ́míkà tí mo fi sí i láti ran ruthenium lọ́wọ́, ló ń dá ṣiṣẹ́?

Èyí tí mo tan iná sí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti rí roboto, wọ́n ti ń ṣí kúrò nídìí àwo. Ọ́síjìn tí ìmọ́lẹ̀ ru sókè ni mo fura sí. Ẹnìkan ní kí n lọ lo iridium (mẹ́táàlì mìíràn) pẹ̀lú diazirine (kẹ́míkà tí iridium ń jí kó lè lẹ̀ mọ́ purotéènì) dípò rẹ̀. Owó dà?

Ìṣẹ́jú mélòó lẹ̀yin ń lò, ẹ jọ̀ọ́?